Kì í Ṣe Omi Ló Gbé Ìdòwú Lọ

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, kí àwọn lè mọ̀ bóyá kí àwọn kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí àwọn lọ máa wá iṣẹ́ ìjọba kiri. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi kò gbà mí láàyè láti dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún odidi wákàtí kan, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni ẹ̀ ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní Abereke níbí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi kan ọkọ̀ ojú omi kí ẹ̀yìn mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, tí ẹ rí i pé inú ń bí mi, ẹ má rò pé ọjọ́ ogbó ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lẹ́nu. Inú ń bí mi lóòótọ́, mo sì ní ìdí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Apẹja ni bàbá mi, èmi sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tí òkun máa ń mú kí ó bì. Gbogbo ìgbà tí a bá ti jáde, èmi ni màá dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí màá máa bì, àwọn ènìyàn á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó sú bàbá mi, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọmọ́yẹlé, wọ́n ní bí n kò bá lè gun ọkọ̀, kí n kúkú máa kàn án. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀.

Ọ̀gá Ọmọ́yẹlé kì í pariwo. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń fín aáṣáà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ẹ ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó le tó o. Àwọn kápẹ́ńtà ọkọ̀ yòókù, bí wọ́n bá kan ọkọ̀ tán, wọ́n á gbé e sínú omi kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ọ̀gá tèmi kì í gbé ọkọ̀ sínú omi; omi ni ó ń gbé sínú ọkọ̀. Yóò ní kí a gbé ọkọ̀ náà lé orí igi méjì ní gbangba, kí a pọn omi odò kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu. Òun á wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á máa wo òkè bí ẹni tó ń wo àjà ilé.

Ní ọdún kejì mi, ó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ kan kí n dí ojú rẹ̀. Òwú tí a fi ọ̀dà pò ni a fi ń dí i, a ó máa fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé láàárín pákó méjì. Mo ṣe é, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí omi kún inú rẹ̀, ó kán lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí mo dí. Ọ̀gá pè mí.

"Ọma, ghá wo ọghọ́ rẹ," ni ó wí. Ó ní kí n wá wo ọwọ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó ń fi hàn mí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀kán omi mẹ́ta péré ni."

Ó bi mí pé, "Ìyá ta ni yóò jókòó síbẹ̀?"

Ó ní kí n lọ pe ìyá mi wá. Àwàdà ni mo rò pé ó ń ṣe. Kò ṣe àwàdà. Ìyá mi wá, Ọ̀gá kí i dáadáa, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọ inú ọkọ̀ tó kún fún omi náà, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìyá mi wọlé, ó jókòó, omi mù ún dé àyà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ń wò mí. Mo tú gbogbo òwú ẹ̀gbẹ́ náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, mo tún un dí láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò tún dí ojú pákó kan kí n má rí ìyá mi nínú omi yẹn.

Nǹkan kejì tó kọ́ wa ni wíwo ọkọ̀ tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ àlòfọ́ wá fún àtúnṣe, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí a ó fi sọ ohun tó ṣe é. Igi tó jẹrà máa ń rọ̀ yí ìṣó ká, ìṣó á yọ jáde gbọọrọ láìtẹ̀. Ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ kò dí dáadáa, ibi tí pákó méjì ti pàdé ni yóò ti là. Ṣùgbọ́n igi tó le, tí nǹkan wá gbá, àárín gbùngbùn rẹ̀ ni yóò ti ya, ìṣó inú rẹ̀ á sì tẹ̀ sí apá ibi tí ohun tó gbá a ń lọ. Bí a bá sọ ọ́ ṣì, ilé ni à ń lọ láìjẹun.

Mo ṣe fúrídọ̀mù, mo dá dúró. Ohun tó wọlé fún mi kò pọ̀, kò sì burú, ẹ má jẹ́ kí n fi ìyẹn gba àkókò yín. Ibi tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, òkun ti gbé e. Èyí tí mo tún kọ́ sẹ́yìn rẹ̀, òkun ti gbé òun náà. Irin iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni a fi ń la igi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgégi dé, ó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ní wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ dé, ràndà oníná dé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ fáíbà dé, tí wọ́n ń da oje rẹ̀ bí ẹni ń da búrẹ́dì sí páànù. Ó fúyẹ́, ó ń sáré, àwọn ilé-iṣẹ́ epo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n so ẹ́ńjìnnì ńlá méjì mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e sáré nínú odò tóóró tí àwọn ìyá wa ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kọjá. A sọ fún wọn. A kọ ìwé sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ìdòwú ni ọmọ mi kẹta, obìnrin ni, òun ni ó tẹ̀ lé àwọn ìbejì, ó sì gbọ́n lẹ́nu ju àwọn méjèèjì lọ. Edé ni ó ń tà. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará Awoye, á gbé e lọ sí ọjà Igbókọ̀dá. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni ó ń wọ̀, ìyẹn sì ń bí i nínú. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ayé ni ẹ kan ọkọ̀ fún. Ṣé èmi ni n kò yẹ ní ọkọ̀?" Mo kan tirẹ̀. Igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni mo fi kàn án, òun sì ni ọkọ̀ tí mo kàn kẹ́yìn. Mo gbé e lé orí igi méjì, mo pọn omi kún inú rẹ̀, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọrùn sì ń dùn mí. Kò kán. Ìdòwú dé bá mi níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé omi ni n ó máa tà ni, àbí edé?" Ọdún méjì ni ó fi ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà kan ni, ọ̀sán gangan, oòrùn mú, omi sì pa rọ́rọ́. Bàbá Túndé, tí gbogbo wa mọ̀, jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá odò ibi tó ti tóóró yẹn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rí Ìdòwú tó ń bọ̀, ó kí i, Ìdòwú dá a lóhùn. Ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ epo kan bá yọ láti ibi tí odò ti ṣẹ́rí, ó ń bọ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé. Agbẹjọ́rò mi ní kí n má kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbí. Ó gbá ọkọ̀ ọmọ mi ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bàbá Túndé ní wọ́n dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹnì kan dìde nínú wọn, ó wo ẹ̀yìn, ó sì jókòó padà. Wọ́n tún fún ẹ́ńjìnnì ní iná, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí òkú Ìdòwú. Ó fi ọkọ àti ọmọ méjì sílẹ̀.

Ó wá ku àṣìṣe tèmi. N kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́, ìwé yìí kò wúlò fún yín.

Ní ìdílé tiwa, bí ẹnì kan bá kú sínú omi, a kì í sọ pé ó kú, a kì í sì í sọ pé ẹnì kan ló pa á. Ohun tí à ń sọ fún ẹni tó bá wá kí wa ni pé, "Omi ló gbé e." Ìyá rẹ̀ kì í sì í ké jáde, nítorí àwọn àgbà wa ní bí ìyá bá ké, omi á gbọ́, á tún padà wá mú òmíràn. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ìyàwó mi kò ké. Ó jókòó sórí ẹní, ó sì ń dá àwọn tó wá kí wa lóhùn pé omi ló gbé e.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àárín wọn pẹ̀lú ìlú. Ó gbé ìrẹsì wá. Ọmọbìnrin akọ̀wé kan tẹ̀ lé e. Ó wólẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ló dé sí ọmọ wa?"

Mo dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Mo ní, "Omi ló gbé e."

"Omi ni, Bàbá?"

"Omi ni, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé mo gba ìrẹsì. Èmi tí mo ń fi odidi ọjọ́ kan wá ẹ̀kán omi kan lábẹ́ ọkọ̀, n kò wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Táyé ọmọ mi mú mi lọ sí òkè, ìlú orí ilẹ̀, lọ bá agbẹjọ́rò, obìnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ní òfin wà fún irú èyí, pé bí ẹnì kan bá fi àìbìkítà fa ikú ẹlòmíràn, àwọn tí olóògbé ń bọ́ lè pe olúwarẹ̀ lẹ́jọ́. A pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ohun méjì ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọkọ̀ náà ti gbó, pé ẹni tó kàn án kò kàn án dáadáa, pé ṣe ni ó là fúnra rẹ̀ nínú ìgbì. Wọ́n tún ní bàbá olóògbé fúnra rẹ̀ ti sọ, ó sì ti fọwọ́ sí i, pé omi ló gbé e. Ọjọ́ tí agbẹjọ́rò mi ka èyí sí mi létí, ẹ̀jẹ̀ ru sókè lára mi débi pé wọ́n ní láti fún mi lómi. Wọ́n pa ọmọ mi, wọ́n sì ní ọwọ́ mi ló pa á, wọ́n tún wá ní ẹnu mi ló jẹ́rìí sí i.

Wọ́n fi ẹjọ́ náà falẹ̀. Bí a bá dé kóòtù, agbẹjọ́rò wọn á ní ara òun kò yá, tàbí pé ìwé kan kò tíì dé. Láti etí òkun dé ibẹ̀, ọkọ̀ omi ni, ọkọ̀ ilẹ̀ ni, mo sì ti sọ fún yín pé èmi máa ń bì. Ní ọdún kẹta, wọ́n wá láti parí rẹ̀ níta. Wọ́n ní àwọn yóò san nǹkan, ìwé kan ṣoṣo ni kí n fọwọ́ sí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí agbẹjọ́rò mi kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wà nínú rẹ̀ pé ìjàm̀bá omi ni, pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ọkọ Ìdòwú dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi nínú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni wọ́n fi ń sọ pé èmi ni mo pa á."

Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Fún ọdún kan gbáko kò tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wá. N kò lè bá a wí. Bí mo bá ń purọ́ pé kò dùn mí, kí ẹ̀yin náà má gbà mí gbọ́.

Agbẹjọ́rò mi bi mí níbo ni ọkọ̀ náà wà. Àwọn ènìyàn wa kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ tí ènìyàn kú nínú rẹ̀, nítorí náà ó ṣì wà níbi tí omi tì í sí láàárín àwọn gbòǹgbò igi inú odò, kò sẹ́ni tó fi dáná. Èmi àti Táyé lọ gé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kúrò. Àwọn àgbà ìlú bínú sí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí igi náà, tí mo fi ọwọ́ pa á, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A gbé e lọ sí kóòtù. Bàbá Túndé ti kọ́kọ́ sọ ohun tó rí kí ó tó kàn mí.

Agbẹjọ́rò wọn dìde sí mi, aṣọ rẹ̀ ń dán. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kan ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Ó sì fọ́."

"Wọ́n fọ́ ọ ni. Ẹ wá wò ó." Mo yíjú sí adájọ́. "Olúwa mi, ibi tí pákó méjì ti pàdé nìyí, òwú inú rẹ̀ kò tíì yọ títí di òní. Àárín pákó ló ti ya. Ìṣó mẹ́rin nìyí, gbogbo wọn ló tẹ̀ sínú. Ìgbì kì í tẹ ìṣó."

Adájọ́ sọ̀kalẹ̀ wá, ó fi ìka kan àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbẹjọ́rò wọn wá mú ìwé ìrẹsì jáde.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé omi ló gbé ọmọ yín?"

"Èmi ni."

"Ṣé irọ́ lẹ pa nígbà náà, àbí ìsinsìnyí lẹ ń pa á?"

Mo ní, "Ọmọ mi, omi ti gbé ṣọ́ọ̀bù mi méjì, mo mọ bí omi ṣe ń gbé nǹkan. Bí a ṣe ń dá àlejò lóhùn nílé òkú tiwa ni mo ṣe dá yín lóhùn. Ìkíni lẹ bá wá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ̀rí lẹ wá gbà. Bí mo bá kí yín pé ẹ kú ilé, ṣé ẹ óò mú un wá síbí pé mo fún yín nílé mi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú ẹni tó wa ọkọ̀ náà wá. Ọmọ etí omi bíi tiwa ni. Adájọ́ bi í pé kí ló dé tí kò dúró. Ó ní, "Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ dé ibùdó kí aago méjì tó lù. Iṣẹ́ ni, Olúwa mi." Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ìdí tí mo fi gbà láti kọ ìwé yìí nìyẹn. Ọkùnrin náà kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó mọ ọkọ̀ wà. Ẹni tó kọ́ ọ kò mú ìyá rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ rí. Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ fi obìnrin sílẹ̀ sínú omi nítorí aago méjì, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, kí ebi pa yín. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má wá kí mi mọ́.

Ọdún kẹrin ni adájọ́ dá ẹjọ́. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: pé ọkọ̀ náà kò ní àbùkù kankan, pé kì í ṣe omi ló pa olóògbé, pé àìbìkítà ilé-iṣẹ́ náà ló pa á. Ó ní kí wọ́n san ohun tó yẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, iṣẹ́ ni." N kò gba ọwọ́ rẹ̀.

Mo délé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi ń họ ìpẹ́ ẹja lẹ́yìnkùlé. Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kì í ṣe omi."

"Ẹ tún un wí."

Mo tún un wí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ. Ó wá dìde dúró, ó sì ké. Láti ọjọ́ tí a ti jọ wà, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin sáré jáde láti ilé gbogbo, wọ́n ń gba orí àfárá pákó bọ̀, wọ́n ń bi mí láti òkèèrè pé ta ló kú.

Mo ní, "Ìdòwú ni. Wọ́n pa á ni."

Kò sí ẹni tó sọ pé ó ti pẹ́. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì bá a sunkún.